Àga Aláwọ Tí Ìjàpá Tà fún Òòrẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ta ló dáhùn bí ẹni tí iyán há lọ́nà ọ̀fun? Mo ní àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ti jí báyìí. Àlọ́ mi fò sókè, ó yí bírí, kò balẹ̀ sórí ẹnikẹ́ni bí kò ṣe sórí Òòrẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún lẹ́yìn, Ìjàpá ọkọ Yánníbo, àti àga kan tó ń dán gbinrin.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń kọ́lé bí èèyàn, tí wọ́n ń ṣẹgbẹ́, tí wọ́n sì ń ṣe fújà bí èèyàn náà, Òòrẹ̀ kan ń gbé létí odò. Obìnrin ni. Ó mọ iṣẹ́ oko, abà rẹ̀ kì í ṣófo. Ọbẹ̀ rẹ̀ dùn. Tó bá kọrin, àwọn tó ń lọ lójú ọ̀nà á dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún ló bo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Kò ra ẹ̀gún náà, kò sì jí i. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a nìyẹn.

Ẹgbẹ́ kan wà nílùú náà. Ẹgbẹ́ Afínjú ni wọ́n ń pe ara wọn. Erin ni olórí wọn. Ilé dé ilé ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Bí wọ́n bá ṣe é nílé Àgbọ̀nrín lónìí, wọ́n á ṣe é nílé Ehoro nígbà mìíràn. Òòrẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó níbẹ̀ rí.

Ẹ ò gbọ́ mi ni? Mo ní kò jókòó rí! Bó bá ti fẹ́ jókòó báyìí, onílé á ké: "Òòrẹ̀, jọ̀ọ́, jọ̀ọ́! Àga mi o! Ẹ̀gún ẹ! Ṣebí wàá kúkú dúró síbi ìlẹ̀kùn yẹn, atẹ́gùn wà níbẹ̀ dáadáa."

Òòrẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Kò burú. Ẹsẹ̀ ò dùn mí."

Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ọkàn rẹ̀ ló tún wá ń dùn ún jù. Nígbà tí ìpàdé bá tú, tó bá dá wà nílé, á máa bi ara rẹ̀ pé, "Ọjọ́ wo lèmi náà máa jókòó láàárín ẹgbẹ́ mi?"

Àkàndé, mo rí ọ níbi ìlẹ̀kùn tí o fúnra rẹ lọ dúró sí yẹn, má rẹ́rìn-ín. Ṣé wọ́n ti mú ìwọ dúró rí níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ti jókòó? O ò tíì mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Nígbà tó yá, ìpàdé kan Òòrẹ̀. Inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀gún. Ó ní, "Nílé tèmi, ta ló máa ní kí n lọ dúró síbi ìlẹ̀kùn? Màá ra àga aláwọ. Àlejò mi á jókòó. Bí àlejò bá ti jókòó tán, èmi náà á jókòó, tìdí tẹ̀gún."

Móradéun ti na ọwọ́ sókè. Mo mọ ohun tó fẹ́ bi mí. Ó fẹ́ mọ awọ ta ni wọ́n fi ń ṣe àga fún àwọn ẹranko. Ọmọ yìí gbọ́n. Nígbà náà, bí àgbàlagbà ẹranko bá fẹ́ kú ikú ogbó, á pe àwọn ọmọ rẹ̀. Á ní, "Ẹ má sin awọ mi o. Ẹ fi ṣe àga, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín lè máa gun ẹ̀yìn mi, bí ẹ ṣe ń gùn ún nígbà tí ẹ wà ní kékeré." Ẹ rí i pé àga aláwọ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ẹ̀yìn bàbá ẹni ni.

Ọ̀bọ ló mọ iṣẹ́ yìí nílùú. Òòrẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ. Kò ra àga rí láyé rẹ̀, ẹ má gbàgbé. Ẹni tó ń ra nǹkan fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ nìkan ló máa ń gbé lọ sọ́jà, á gbàgbé ọwọ́ àti imú sílé.

Ọ̀bọ fi àga kan hàn án. Igi ìrókò ni wọ́n fi kàn án. Òwú àràbà ló wà nínú tìmùtìmù rẹ̀. Awọ Bàbá Ẹfọ̀n tó kú lọ́dún ìyẹn ló wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ náà kò dán. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ oko. Àpá gígùn kan sì là á láàárín.

Òòrẹ̀ ní, "Ọ̀bọ, kí ló ṣe é níbí?"

Ọ̀bọ ní, "Àpá ẹ̀gún ni. Ẹ̀gún ya Bàbá Ẹfọ̀n nígbà tó wà léwe, ó sì jinná. Awọ tó bá gbé ayé kò ní ṣàì lápàá. Jókòó lé e wò."

Òòrẹ̀ fò sẹ́yìn. "Háà! Èèwọ̀!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí fún yín. Àṣà kan wà nílùú yẹn. Wọ́n máa ń ní, "Ìdí àlejò ní í ṣí àga." Àga tuntun tí onílé bá ti jókòó lé kí àlejò tó dé, àjẹkù oúnjẹ ni lójú wọn. Ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á máa fi ṣẹ̀sín títí tí yóò fi hu ewú.

Ọ̀bọ ní, "Ó dáa, má jókòó. Tẹ̀ ẹ́ kí n rí i. Gbóòórùn rẹ̀. Yí i dojú dé, kí o wo abẹ́ rẹ̀."

Ojú ń ti Òòrẹ̀. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Kí n máa gbóòórùn ìdí àga láàárín ìgboro?" Ó tún wo àpá yẹn. Ó ní, "Ọ̀bọ, ojú àpá kì í jọ ojú ara. Èmi tí wọ́n ń sá fún nítorí ẹ̀gún, ṣé àga tí ẹ̀gún ya ni mo tún máa gbé wálé? Màá padà wá." Kò ní in lọ́kàn láti padà wá. Ẹ mọ irú "màá padà wá" yẹn.

Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ohùn kan: "Òòrẹ̀ òréke! Òòrẹ̀ a-ti-ẹ̀yìn-lẹ́wà! Ta ló fẹ́ ta àga alápàá fún ọmọ ọlọ́lá?"

Ìjàpá ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Ìjàpá ti rí i tí àwọn ẹranko ń ru iṣu lọ sílé Ọ̀bọ. Iṣu wù ú, iṣẹ́ ni kò wù ú. Ló bá lọ bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Ó rẹ ẹ́ sómi, ó lù ú pẹlẹbẹ, ó fi àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó fi osùn kùn ún, ó fi òróró ra á, ó ń dán yinrin. Háríhá àgbàdo ló kì sínú tìmùtìmù. Ẹsẹ̀ àga ńkọ́? Igi ìbẹ́pẹ ni! Ìbẹ́pẹ tí ọmọdé ń fi ọwọ́ kan ṣẹ́!

Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ti ní, "Baálé mi, bí wọ́n bá jókòó lé e ńkọ́?"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa jókòó lé e níbí? Ṣebí èèwọ̀ ni. Òòrẹ̀ ni mo máa tà á fún. Bó bá ya nílé rẹ̀, ta ni wọ́n máa bú? Èmi ni àbí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ìkà! Ṣé ẹ wá rí i bó ṣe gbọ́n tó? Ọgbọ́n burúkú náà, ọgbọ́n ni.

Ìjàpá ṣí aṣọ lórí àga náà. Òòrẹ̀ rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là.

"Awọ ta nìyí?"

"Awọ ta kẹ̀? Awọ ẹranko kan tó wá láti òkè òkun ni. O ò lè mọ orúkọ rẹ̀. Wò ó dáadáa, ǹjẹ́ o rí àpá?"

"Mi ò rí àpá kankan." Òòrẹ̀ na ọwọ́.

"Ṣọ́ra! Kí lo fẹ́ ṣe? O fẹ́ fọwọ́ ba iyì àlejò rẹ jẹ́? Ìdí àlejò ní í ṣí àga!"

Òòrẹ̀ fa ọwọ́ padà, ojú tì í. Ó ní kí Ìjàpá má bínú. Ẹ ò rí i? Ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ ló tún ń bẹ̀bẹ̀. Bó ṣe kó gbogbo iṣu abà rẹ̀ fún Ìjàpá nìyẹn, ó gbé àga náà relé, orin lẹ́nu.

Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀la, Òòrẹ̀ ń gbálẹ̀. Ó gbá ibí, ó gbá ọ̀hún. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ẹ̀gún kan ṣoṣo, èyí tó kúrú jù nínú wọn, ló fara kan awọ náà.

Fàà!

Awọ là. Háríhá yọjú. Òòrẹ̀ ju ìgbálẹ̀ nù. Ìgbà yìí ló wá rántí Ọ̀bọ. Ó tẹ àga náà, ó dún bí ewé gbígbẹ. Ó gbóòórùn rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń rùn. Ó yí i dojú dé, ó rí àtè, ó rí èèpo, ó rí ìbẹ́pẹ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ó ní, "Bí mo bá pariwo, Ìjàpá á ní ẹ̀gún mi ló ya á. Gbogbo ìlú á sì gbà á gbọ́. Wọ́n á ní, 'Ṣebí a ti wí? Ẹ má jẹ́ kí Òòrẹ̀ jókòó mọ́ títí ayé!'" Ó sunkún, ó sunkún. Ó nu imú. Ó wo àga, ó wo ìlẹ̀kùn. Ó tún wo àga.

Lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fi àtè lẹ ojú ibi tó ya, ó fi osùn pa á. Ó bọ́ sí ilé ìdáná. Iṣu ìwọ̀nba tó kù sí ẹ̀yìn ilé, ó wú u. Ẹja gbígbẹ, ó fọ̀ ọ́. Ẹ̀gúsí, ó lọ̀ ọ́. Ọbẹ̀ tó sè lọ́jọ́ kejì, òórùn rẹ̀ gba odò kọjá.

Ìjàpá gbọ́ òórùn yẹn nílé. Ọgbọ́n orí ní kó má lọ. Ikùn ní kó lọ. Ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín èyí tó borí?

Wọ́n pé. Erin dé, ilẹ̀ mì. Àgbọ̀nrín dé. Ehoro dé. Ìjàpá fara pa mọ́ sẹ́yìn wọn, àmọ́ ó súnmọ́ ìkòkò. Wọ́n rí àga tó ń dán, wọ́n ní, "Páà! Òòrẹ̀, o kú ọrọ̀!"

Òòrẹ̀ dúró síbi ìlẹ̀kùn, ó mú ṣíbí ọbẹ̀ dání. Ẹnikẹ́ni kò bi í pé kí ló dé tó dúró síbẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́ ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ káàbọ̀. Ìdí àlejò ní í ṣí àga. Ta ni àlejò pàtàkì wa lónìí? Ẹni tó kan àga ni! Ìjàpá, oníṣẹ́ ọnà, bọ́ síwájú!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ara Ìjàpá di yìnyín.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Àmọ́ olórí ẹgbẹ́ ni kó ṣí i."

Erin ní, "Èmi kẹ̀? Oníṣẹ́ ọnà ni àgbà lónìí."

"Hẹ̀n… egbò wà ní ìdí mi."

Òòrẹ̀ ní, "Ṣebí awọ òkè òkun ni? Á tù ọ́ lára." Ló bá dá orin. Ẹ bá mi gbè é, "Jókòó" ni ẹ ó máa wí:

Ìjàpá oníṣẹ́ ọnà,
*Jókòó!*
Ìwọ lo gbẹ́ ẹ, ìwọ lo rán an,
*Jókòó!*
Ọbẹ̀ ń hó, iyán ń retí,
*Jókòó!*
Ìdí àlejò ní í ṣí àga,
*Jókòó, jókòó, jókòó o!*

Kò sí ibi tó fẹ́ gbà. Ó rọra sún mọ́ àga. Ó jókòó, kò jókòó. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀, ó lóṣòó lé e bí ẹni tó wà lẹ́yìn igbó. Òógùn bò ó.

Ẹni tó bá ṣí àga, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún lóúnjẹ, kì í sì í dìde títí àwo rẹ̀ fi máa gbẹ. Òòrẹ̀ ní kí wọ́n gbé iyán fún un. Ìjàpá bu òkèlè, ó gbé e mì. Àga dún: kẹ́ẹ́!

Erin ní, "Kí ló dún?"

Ìjàpá ní, "Awọ ni. Awọ gidi máa ń kí èèyàn."

Ó tún gbé òkèlè mì. Àga dún: kẹ́ẹ́, kẹẹ!

"Ó tún ń kí yín. Ẹ dá a lóhùn."

Àwọn ẹgbẹ́ sì dá a lóhùn! Wọ́n ní, "Àga, ẹ ǹlẹ́ o!"

Àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ká ní Ìjàpá dìde níbẹ̀, bóyá ì bá yọ. Àṣírí rẹ̀ ì bá bò. Òòrẹ̀ kò kúrò níbi ìlẹ̀kùn, ó kàn gbé ohùn sókè díẹ̀: "Ìjàpá, ẹja ṣì wà nínú ìkòkò o. Orí rẹ̀ ló kù. Ṣé o ti yó?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí Ìjàpá sọ. Ó ní, "Gbé e wá!"

Wọ́n gbé ìkòkò wá. Ó nà wọ inú rẹ̀. Bó ti ń wá orí ẹja kiri, ó gbàgbé ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Gbàràgàdà!

Ìbẹ́pẹ dá sí wẹ́wẹ́. Awọ òkè òkun ya. Háríhá tú sí afẹ́fẹ́, ó bò wọ́n lórí. Ìjàpá gba inú àga kọjá, ó fi àyà lélẹ̀, orí ẹja ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun!

Ó tu orí ẹja dànù, ó figbe bọnu: "Ẹ wò ó o! Ẹ̀gún Òòrẹ̀ ló ya àga mi! Ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n!"

Gbogbo ojú yí sí Òòrẹ̀. Òòrẹ̀ ṣì wà níbi ìlẹ̀kùn, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Níbo ni mo wà?"

Wọ́n ní, "Ibi ìlẹ̀kùn."

"Ṣé mo ti kúrò níbẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti wọlé?"

"O ò kúrò."

"Ta ló kọ́ mi láti máa dúró síbí?"

Ehoro ń wo ilẹ̀. Àgbọ̀nrín ń wo òkè. Erin olórí ẹgbẹ́ ló sọ̀rọ̀ níkẹyìn. Ó ní, "Àwa ni, Òòrẹ̀. Àwa náà ni. O ò ṣẹ̀ wá rárá, a sì ń mú ọ dúró. Jọ̀wọ́, forí jì wá."

Ó fi ọwọ́jà rẹ̀ gbé awọ òkè òkun náà, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kẹ̀!" Ehoro gbé ẹsẹ̀ àga. "Ìbẹ́pẹ!" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Erin rẹ́rìn-ín títí ògiri fi ń mì. Ìjàpá fẹ́ sá, àmọ́ àtè ti lẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn láyà pinpin, ó ń wọ́ àga kiri inú ilé bí adìyẹ tí okùn wé lẹ́sẹ̀. Yánníbo yọjú lójú fèrèsé. Ó ní, "Mo sọ fún un. Ṣé mi ò sọ fún un?"

Wọ́n gba iṣu Òòrẹ̀ padà. Èyí tí Ìjàpá ti jẹ nínú rẹ̀, ó kọ ebè dípò rẹ̀ lóko Òòrẹ̀ títí iṣu tuntun fi ta. Ṣùgbọ́n èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ṣí láyà rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá yí Ìjàpá dojú sókè lónìí, ẹ ó rí i níbẹ̀, pẹlẹbẹ, ràkọ̀ràkọ̀.

Wọn ò dúró di ọjọ́ mìíràn. Gbogbo ẹgbẹ́ tẹ̀ lé Òòrẹ̀ lọ sílé Ọ̀bọ. Àga alápàá yẹn ṣì wà níbẹ̀, nítorí gbogbo èèyàn ló ń lé ohun tó ń dán.

Lọ́tẹ̀ yìí, ojú kò ti Òòrẹ̀. Ó gbóòórùn awọ: ó ń rùn bí awọ. Ó tẹ̀ ẹ́: ó wọlé, ó sì padà. Ó yí i dojú dé, ó ka ojú abẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ó kan ìrókò, ìrókò dáhùn gbọ̀ngbọ̀n. Ó fi ọwọ́ ra àpá yẹn. Ó ní, "Awọ tí ẹ̀gún ya, tó sì jinná. Èyí ló mọ ẹ̀gún. Ó mọ irú mi."

Ọ̀bọ ní, "Jókòó lé e."

Òòrẹ̀ wo ẹ̀yìn, ó wo ẹgbẹ́. "Ìdí àlejò…"

Erin ní, "Òfin yẹn ti wó pẹ̀lú àga Ìjàpá. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ ra àga ni kó kọ́kọ́ jókòó."

Òòrẹ̀ rọra jókòó. Ó di ojú. Ó ń retí "fàà". Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fẹ̀yìn tì, ẹ̀gún rẹ̀ kan awọ. Awọ Bàbá Ẹfọ̀n gbà wọ́n mọ́ra, kò ya. Òòrẹ̀ kàn jókòó síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó dìde, ojú ẹ̀gún wẹ́wẹ́ wà lára awọ. Ọ̀bọ fi òrí ra á, wọ́n pa dé. Erin fúnra rẹ̀ ló gbé àga náà relé fún un. Nígbà tí ìpàdé tún dé ilé Àgbọ̀nrín, Àgbọ̀nrín ló kọ́kọ́ sọ pé, "Òòrẹ̀, wá jókòó." Ibi ìlẹ̀kùn ṣófo lọ́jọ́ yẹn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ má fi ojú nìkan ra nǹkan. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ yí i dojú dé. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ gbé iṣu yín, ẹ máa lọ. Ẹ̀yin ọ̀kánjúwà, ohun tí ẹ bá kàn fún ẹlòmíràn, ẹ múra láti jókòó lé e. Bí ẹnì kan bá sì wà tó dúró síbi ìlẹ̀kùn níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ fún un láyè.

Bí mo bá purọ́ fún yín, kí àpótí tí mo jókòó lé yìí dún kẹ́ẹ́, kó sì wó. Ẹ tẹ́tí o.

Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?

Kò dún. Ó yá, Àkàndé, ìwọ tó dúró síbi ìlẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ àlọ́, máa bọ̀ wá jókòó.